Orí Keje: Àwọn Oníbodè Tí A Kò Tíì Mọ Iṣẹ́ Wọn

Bí a bá wo bakitéríà kan ṣoṣo dáadáa, ẹ̀dá tín-ín-tín tí ojú lásán kò lè rí, tí ó jẹ́ pé bí a bá to 500 irú rẹ̀ ní orí sí ìdí, gígùn gbogbo wọn kò ní ju mílímítà 1 lọ, ohun tí yóò kọ́kọ́ yà wá lẹ́nu ni awọ tí ó fi bo ara rẹ̀. Ọ̀rá ni awọ náà, ìpele méjì tí ó lé ara wọn, tí ìrù àwọn ti òkè dojú kọ ìrù àwọn ti ìsàlẹ̀, tí orí wọn sì kọjú sí omi tí ó wà lóde àti omi tí ó wà nínú. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé omi àti epo kì í dà pọ̀. Nítorí náà, iyọ̀ tí ó ti yòrò nínú omi, ṣúgà, ásíìdì amínò, àti ọ̀pọ̀lọpọ̀ ohun tí bakitéríà fi ń gbé ẹ̀mí ró, kò sí èyí tí ó lè dá gba inú ọ̀rá yìí kọjá lọ́nà tí yóò tó o jẹ. Bí a bá pín mílímítà kan sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, nǹkan bí ìdá 4 péré ni awọ náà nípọn mọ, síbẹ̀ ó tó láti fi ebi pa ẹni tí ó bò mọ́lẹ̀ bí kò bá sí ẹnu ọ̀nà lára rẹ̀.

Ẹnu ọ̀nà wà. Ní ayé àwọn baba wa, ìlú tí ó bá ní láárí kì í ṣaláìní odi, odi kì í sì í ṣaláìní bodè; oníbodè ni ó ń jókòó síbẹ̀ láti òwúrọ̀ títí di àṣálẹ́, òun ni ó mọ ẹni tí ń wọlé àti ẹni tí ń jáde, òun ni ó ń gba owó bodè lọ́wọ́ oníṣòwò, òun náà ni ó sì ń lé àlejò burúkú padà. Irú oníbodè bẹ́ẹ̀ ni àwọn purotéènì tí ó la inú awọ bakitéríà já láti ìhà kan dé ìhà kejì. Ọ̀kan ń gbé ṣúgà wọlé, òmíràn ń wá irin bọ̀ láti òde, òmíràn ń ti májèlé síta, òmíràn ń kó oògùn tí dókítà fún aláìsàn jáde kúrò nínú kòkòrò kí oògùn náà tó rí ibi ba sí. Mo ti sọ ti àwọn tí a mọ̀ nínú wọn ní àwọn orí tí ó ṣáájú. Àwọn tí orí yìí wà fún ni àwọn tí a rí lẹ́nu bodè, tí a ka ara wọn láti orí dé ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n tí a kò mọ ẹrù tí wọ́n ń gbé. Mo sì fẹ́ fi hàn pé títo ohun tí a kò mọ̀ lẹ́sẹẹsẹ jẹ́ iṣẹ́ ìmọ̀ gidi, tí kò rẹlẹ̀ sí iṣẹ́ ẹni tí ó ṣàwárí.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ wo ẹnìkan tí a mọ̀ dénú, kí ẹ lè rí bí ọ̀nà ìmọ̀ yìí ti gùn tó. Ní ọdún 1956, ní Institut Pasteur ní ìlú Paris, Howard Rickenberg, Georges Cohen, Gérard Buttin àti Jacques Monod kéde pé ohun kan wà lára E. coli, bakitéríà tí ń gbé inú ìfun gbogbo wa, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa fa ṣúgà inú wàrà wọlé. Wọ́n ti rí àwọn E. coli kan tí purotéènì tí a fi ń gé ṣúgà yìí sí méjì pé sí ikùn wọn, síbẹ̀ tí ebi ń pa wọ́n láàrin omi tí ó kún fún ṣúgà náà, nítorí pé ṣúgà ò wọlé dé ibi tí a ti lè gé e. Láti ara ebi yìí ni wọ́n ti mọ̀ pé oníbodè kan ti sọnù. Wọn kò rí oníbodè náà sójú, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ hàn gbangba. Ó di ọdún 1965 kí Fred Fox àti Eugene Kennedy ní Harvard tó fi èròjà onítànṣán sàmì sí purotéènì náà lára. Ó di ọdún 1980 kí wọ́n tó ka ásíìdì amínò 417 tí ó so kọ́ra di òun. Ó sì di ọdún 2003 kí Jeff Abramson, So Iwata, Ronald Kaback àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tó rí ìrísí rẹ̀. Ọdún 47 ni ó wà láàrin ìkéde iṣẹ́ rẹ̀ àti ọjọ́ tí a rí ojú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni ó wà lára àwọn oníbodè tí àwọn onímọ̀ fi ara jìn fún jù.

LacY ni wọ́n ń pè é. Okùn ásíìdì amínò rẹ̀ gba inú ọ̀rá kọjá ní ẹ̀ẹ̀méjìlá, mẹ́fà ní apá ọ̀tún, mẹ́fà ní apá òsì, ihò kan sì wà láàrin apá méjèèjì. Ihò yìí a ya ẹnu sí òde. Áyọ́ọ̀nù háídrójìn kan a wọlé, ṣúgà kan a tẹ̀ lé e. Ẹnu òde a pa dé, ti inú a sì ṣí, àwọn méjèèjì a bọ́ sínú ìlú. Kì í ṣẹlẹ̀ pé kí ẹnu méjèèjì ṣí lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí ọjọ́ tí ó bá rí bẹ́ẹ̀, odi ti wó nìyẹn. Áyọ́ọ̀nù háídrójìn tí mo dárúkọ yìí ni owó bodè. Peter Mitchell, ará Gẹ̀ẹ́sì, ni ó là á yé ayé ní ọdún 1961 pé sẹ́ẹ̀lì a máa ti háídrójìn síta ní gbogbo ìgbà, tí yóò fi pọ̀ lóde ju inú lọ, tí yóò sì máa wá ọ̀nà àtipadà wọlé. Agbára ìpadàwálé yìí ni oníbodè fi ń gbé ẹrù. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ kò gbà á gbọ́ fún ìgbà pípẹ́, ṣùgbọ́n òtítọ́ a máa borí, wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1978.

Nígbà tí a bá fi apá ọ̀tún LacY wé apá òsì rẹ̀, a óò rí i pé wọ́n jọra. Ìtumọ̀ èyí ni pé ní ayé àtijọ́ réré, jíìnì kékeré kan tí ó ń ṣe okùn oníkọjá mẹ́fà di méjì, àwọn méjèèjì sì so pọ̀ di ọ̀kan. Àmì ìran ni èyí, kò sì sí lára LacY nìkan. Ní ọdún 1993, Michael Marger àti Milton Saier fi hàn pé àwọn oníbodè bíi mélòó kan tí a rò pé wọn kò mọ ara wọn rí, àwọn tí ń gbé ṣúgà wọlé àti àwọn tí ń ti oògùn bíi tetracycline síta, ọmọ ìran kan náà ni wọ́n. Ìran yìí ni àwọn onímọ̀ ń pè ní MFS, ó sì gbòòrò débi pé oníbodè tí ń gbé glúkóòsì wọ inú sẹ́ẹ̀lì pupa ẹ̀jẹ̀ ènìyàn wà nínú rẹ̀. Baba kan ni ó bí wọn, ṣùgbọ́n ìka kò dọ́gba: ìbátan lè jẹ́ kí a mọ ìrísí oníbodè àti irú owó bodè tí ó ń gbà, kí ó má sì sọ fún wa rárá ohun tí ó wà nínú ẹrù rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí nígbà tí àkúnya dé. Ní ọdún 1995 ni wọ́n ka gbogbo àkọsílẹ̀ àjogúnbá bakitéríà Haemophilus influenzae láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ní ọdún 1997, Frederick Blattner àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Wisconsin ka ti E. coli fúnra rẹ̀, wọ́n sì rí jíìnì 4,288 tí ń ṣe purotéènì níbẹ̀. Nínú bakitéríà tí àwọn onímọ̀ ti ń yẹ̀ wò fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí wọ́n mọ̀ ju bakitéríà èyíkéyìí lọ, jíìnì 38 nínú ọgọ́rùn-ún kò ní iṣẹ́ kankan tí a mọ̀ mọ́ ọn. Àwọn tí a kò mọ̀ yìí ni wọ́n fún ní orúkọ tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà y, lẹ́tà kejì àti ìkẹta sì ń tọ́ka sí ibi tí jíìnì náà wà lórí òrùka DNA. Orúkọ bíi yddG tàbí ydcZ kò sọ ju pé ibi báyìí ni a ti bá a lọ.

Ìdá kan nínú márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú jíìnì ẹ̀dá kọ̀ọ̀kan ni ó ń ṣe purotéènì inú awọ. Báwo ni a ṣe mọ̀? Jack Kyte àti Russell Doolittle ti fi ọ̀nà hàn ní ọdún 1982. Oríṣi ásíìdì amínò 20 ni ó wà, àwọn kan fẹ́ràn omi, àwọn kan kórìíra rẹ̀ bí ọ̀rá ti kórìíra rẹ̀. Bí a bá rí nǹkan bí 20 lórí ìlà kan tí ọ̀pọ̀ jùlọ nínú wọn kórìíra omi, a mọ̀ pé ibẹ̀ ni okùn náà ti la ọ̀rá kọjá. Ìtòlẹ́sẹẹsẹ ásíìdì amínò nìkan tó láti fi mọ ẹni tí ó dúró nínú odi. Ṣùgbọ́n láti mọ iṣẹ́ rẹ̀ dájú, a sábà máa ń ní láti yọ ọ́ kúrò nínú ọ̀rá láìjẹ́ kí ó bàjẹ́, ó sì jẹ́ ìṣẹ̀dá purotéènì inú awọ pé bí ó bá kúrò nínú ọ̀rá, ó sábà máa ń wó lulẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn tí a kà fi pọ̀ ju àwọn tí a mọ̀ lọ ní ìlọ́po ìlọ́po.

Ẹni tí ó bọ́ sí gbàgede láti tò wọ́n ni Milton Saier tí mo ti dárúkọ, òun àti àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì California ní San Diego. Láti ọdún 1961 ni àwọn onímọ̀ ti ní ètò kan tí wọ́n fi ń to àwọn purotéènì tí ń dá ìyípadà kẹ́míkà sílẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ nìkan ni ètò yẹn ń wò. Saier rí i pé iṣẹ́ nìkan kò tó fún oníbodè, nítorí oníbodè méjì lè máa gbé ẹrù kan náà láìjẹ́ ìbátan, ìbátan méjì sì lè máa gbé ẹrù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ó so iṣẹ́ àti ìran pọ̀, ó sì fún oníbodè kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà alápá márùn-ún. Ẹgbẹ́ àgbáyé àwọn onímọ̀ báyókẹ́místìrì fọwọ́ sí ètò náà ní ọdún 2001. Ẹ jẹ́ kí a wo ti LacY: 2.A.1.5.1. Èkíní, 2, ni ìsọ̀rí, àwọn tí ń fi ìpadàwálé áyọ́ọ̀nù gbẹ́rù. A ni ìsọ̀rí kékeré, àwọn tí ń yí ìrísí padà bí wọ́n ti ń gbé ẹrù kọjá. 1 ni ẹbí MFS. 5 ni agbo ilé nínú ẹbí náà, àwọn tí ń gbé ṣúgà onísopọ̀ pẹ̀lú háídrójìn. 1 ìkẹyìn ni LacY fúnra rẹ̀. Bí Yorùbá bá fẹ́ mọ ènìyàn dunjú, bí a ṣe ń ṣe é náà nìyẹn: ìlú wo, àdúgbò wo, ìdílé wo, ta ni ó bí ọ.

Ìsọ̀rí kìíní wà fún àwọn ihò lásán tí kì í gba owó bodè, tí ẹrù kàn ń ṣàn gba inú wọn. Ìsọ̀rí kẹta wà fún àwọn tí ń ná ATP, èròjà tí sẹ́ẹ̀lì fi ń pèsè agbára, tàbí agbára mìíràn tààrà. Ìsọ̀rí kẹrin ń yí ẹrù padà bí ó ti ń gbé e, ìkarùn-ún ń gbé ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù, ìkẹjọ sì ni àwọn olùrànlọ́wọ́. Wọ́n fi ìkẹfà àti ìkeje sílẹ̀ lófìfo fún irú èyí tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí.

Ìsọ̀rí kẹsàn-án ni ó gbà mí lọ́kàn jù. Ibẹ̀ ni wọ́n kó àwọn tí a kò mọ̀ tán sí, wọn kò sì jù wọ́n síbẹ̀ bí ẹni da ìdọ̀tí sí ààtàn. Wọ́n pín àìmọ̀ náà sí ọ̀nà mẹ́ta. Nínú 9.A ni àwọn tí ó dá wa lójú pé wọ́n ń gbé nǹkan kọjá, ṣùgbọ́n tí a kò mọ ọ̀nà tí wọ́n gbà ń ṣe é. Nínú 9.B ni àwọn tí a fura sí, tí ẹ̀rí wọn kò tíì pé. Nínú 9.C ni àwọn tí a rí iṣẹ́ wọn kedere, tí ẹrù ń wọlé tí ó ń jáde níṣojú wa, ṣùgbọ́n tí a kò mọ purotéènì tí ń ṣe é. Ẹ wo bí èyí ti mọ́gbọ́n dání tó. Ẹni tí ó sọ pé òun kò mọ nǹkan ti sọ òtítọ́. Ẹni tí ó bá lè sọ èyí tí òun kò mọ̀ gan-an, bóyá ẹrù ni, bóyá ọ̀nà ni, bóyá ẹni tí ń gbé e ni, ẹni náà ti mọ ibi tí yóò gbé ẹsẹ̀ lé lọ́la.

Kí ẹbí kan tó wọ inú ìwé ètò Saier, àyẹ̀wò ìran a máa ṣáájú. Wọ́n a gbé purotéènì méjì síwájú ara wọn, wọ́n a wo bí ásíìdì amínò wọn ti bára mu tó. Lẹ́yìn náà wọ́n a da ti ọ̀kan rú lọ́pọ̀ ìgbà bí ẹni pò káàdì, wọ́n a tún wé e, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ìjọra ti àkọ́kọ́ ju èyí tí èèṣì lè mú wá lọ. Saier kì í gba ìjọra tí kò tó ásíìdì amínò 60 ní gígùn, nítorí ìjọra kékeré a máa tan ni jẹ. Bí ẹni àkọ́kọ́ bá jẹ́ ìbátan ẹnì kejì, tí ẹnì kejì sì jẹ́ ìbátan ẹ̀kẹta, a jẹ́ pé ìbátan ni ẹni àkọ́kọ́ àti ẹ̀kẹta, ìbáà jẹ́ pé ojú wọn kò jọra mọ́.

Mo fẹ́ sọ ìtàn àwọn méjì tí ó jáde láti inú òkùnkùn. Ti àkọ́kọ́ ni CrcB. Ní ọdún 1996, àwọn onímọ̀ kan rí i pé jíìnì yìí wà lára àwọn tí ó jẹ́ pé bí wọ́n bá pọ̀ nínú E. coli, wọ́n ń gbà á lọ́wọ́ ìpalára káńfọ̀, èyí tí ń da ìdìpọ̀ DNA rẹ̀ rú. Òtítọ́ ni ohun tí wọ́n rí. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni orúkọ káńfọ̀ ti lẹ̀ mọ́ ọn. Bí wọ́n sì ti ń ka bakitéríà tuntun, tí kọ̀ǹpútà ń rí ìbátan CrcB nínú rẹ̀, ni kọ̀ǹpútà ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé agbèjà lọ́wọ́ káńfọ̀ ni, títí orúkọ náà fi tàn dé ọ̀pọ̀lọpọ̀ bakitéríà tí kò pàdé káńfọ̀ rí láti ọjọ́ tí ayé ti ṣẹ̀. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Kò sí ẹni tí ó wo ilé.

Ẹni tí ó wo ilé ni Ronald Breaker ní Yunifásítì Yale. Ohun tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń wá kì í ṣe oníbodè rárá. RNA kan ni wọ́n ń tọ̀ lẹ́yìn, irú èyí tí ń di ohun kan mú tí ó sì fi ń tan jíìnì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tàbí pa á. Ní ọdún 2012 wọ́n kéde pé fúlóráìdì ni RNA yìí ń di mú. Nígbà tí wọ́n wo jíìnì tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nínú bakitéríà kan dé òmíràn, CrcB ni wọ́n ń bá níbẹ̀ léraléra. Wọ́n wá yọ CrcB kúrò lára E. coli, fúlóráìdì díẹ̀ sì tó láti dá E. coli náà dúró. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, Randy Stockbridge, Christopher Miller àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Yunifásítì Brandeis fi purotéènì náà sínú awọ ọ̀rá tí wọ́n fọwọ́ ara wọn ṣe, wọ́n sì rí i pé ihò fúlóráìdì ni. Ó mọ fúlóráìdì yàtọ̀ sí kúlóráìdì ní ìlọ́po 10,000 ó lé. Méjì-méjì ni ó ń rìn, ọ̀kan a dúró lóòró, èkejì a sorí kodò, wọ́n a sì fara mọ́ra nínú ọ̀rá, ohun tí ó ṣọ̀wọ́n láàrin àwọn oníbodè.

Kí ni bakitéríà ń fi ihò fúlóráìdì ṣe? Fúlóráìdì wà nínú àpáta, ó wà nínú omi, òun náà sì ni wọ́n ń fi sínú ọṣẹ ìfọyín tí a ń lò ní òwúrọ̀ kí eyín wa lè le. Níbi tí ásíìdì bá pọ̀, fúlóráìdì a so mọ́ háídrójìn, ní irú ìmúra yẹn ó lè gba inú ọ̀rá kọjá láìbéèrè lọ́wọ́ oníbodè kankan. Bí ó bá ti wọlé, wọ́n a pínyà, fúlóráìdì a di ẹlẹ́wọ̀n níbẹ̀, a sì máa dí purotéènì kan tí bakitéríà fi ń jó ṣúgà lọ́wọ́. Àfi kí a ṣí ihò fún un kí ó jáde. Iṣẹ́ tí CrcB ń ṣe láti ìgbà ìwáṣẹ̀ nìyẹn, nígbà tí ìwé gbogbo ń pè é ní ti káńfọ̀. Bí ojú bá balẹ̀, á rímú. Ìsọ̀rí kìíní ni ó wà nísinsìnyí, nọ́ńbà ẹbí rẹ̀ sì ni 1.A.43.

Ìtàn kejì kan ilé ìwòsàn. Acinetobacter baumannii jẹ́ bakitéríà tí ń bá àwọn tí ó dùbúlẹ̀ àìsàn jà káàkiri ayé, tí ọ̀pọ̀ oògùn kò ràn. Chlorhexidine wà lára ohun tí wọ́n fi ń pa irú rẹ̀ lára awọ ènìyàn. Òun ni oníṣẹ́ abẹ ń fi nu ara aláìsàn kí ó tó gbé ọ̀bẹ lé e, òun náà sì ni ó wà nínú jẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń fi pa ìwọ́ ọmọ tuntun ní Nàìjíríà. Ní ọdún 2013, Karl Hassan, Ian Paulsen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Yunifásítì Macquarie ní Sydney, pẹ̀lú Peter Henderson ní Leeds, sọ ohun tí wọ́n rí. Wọ́n fi chlorhexidine díẹ̀ sínú omi tí Acinetobacter ń gbé, wọ́n sì wo jíìnì tí ó ta jí. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó ta jí jẹ́ ti purotéènì kékeré oníkọjá mẹ́rin tí ẹnikẹ́ni kò mọ iṣẹ́ rẹ̀. Àkọsílẹ̀ kò sọ ju pé ó wà nínú awọ, àti pé àwòṣe rẹ̀ jẹ́ méjì tí ó jọra. Wọ́n gbé jíìnì náà fún E. coli, E. coli sì fara da chlorhexidine ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Wọ́n yọ purotéènì náà, wọ́n rí i pé ó ń di chlorhexidine mú. Nígbà tí wọ́n yí ásíìdì amínò kan ṣoṣo padà, èyí tí ó wà ní ipò 15, ó ń di oògùn náà mú síbẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè gbé e síta mọ́. Ẹ̀rí tí mo fẹ́ràn nìyí: ó pín dídìmú níyà kúrò lára gbígbé, kò sì fi àyè sílẹ̀ fún iyèméjì.

AceI ni wọ́n sọ ọ́. Nígbà tí wọ́n wá àwọn ìbátan rẹ̀, wọ́n bá wọn nínú ọ̀pọ̀ bakitéríà, àwọn kan nínú wọn sì ń ti àwọn apakòkòrò mìíràn síta. Títí di ìgbà náà, ẹbí márùn-ún ni ayé mọ̀ tí ń kó oríṣiríṣi oògùn jáde kúrò nínú bakitéríà. Èyí di ẹ̀kẹfà, orúkọ rẹ̀ sì ni PACE. Ìbéèrè kan ṣẹ́ kù tí ó ń dà mí láàmú nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á: ní àárín ọ̀rúndún ogún ni chlorhexidine dé ayé, ṣùgbọ́n jíìnì AceI ti wà lára Acinetobacter láti ìgbà láéláé. Kò lè jẹ́ pé nítorí oògùn tí a kò tíì ṣe ni a fi dá a. Ọdún 2019 ni ìdáhùn dé, nígbà tí Hassan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé putrescine àti cadaverine ni AceI ń gbé jáde, àwọn èròjà tí ń mú kí ẹran tí ó ti bàjẹ́ máa rùn. Bí wọ́n bá pọ̀ jù nínú sẹ́ẹ̀lì, wọ́n ń ṣe é ní jàm̀bá. Ẹrù àtijọ́ nìyẹn, chlorhexidine kàn jọ ọ́ ni.

Kí ìyá ọmọ má ṣe tìtorí ọ̀rọ̀ yìí ju jẹ́ẹ̀lì ìwọ́ nù o. Ó ṣì ń pa kòkòrò, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì gbà pé kí a lò ó lójoojúmọ́ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ níbi tí àwọn ènìyàn ti sábà máa ń fi ohun tí ó lè pa ọmọ lára sí ìwọ́. Ohun tí AceI kọ́ wa ni pé kí a má ṣe fi apakòkòrò ṣòfò lórí ohun tí omi àti ọṣẹ lè fọ̀.

Nígbà mìíràn, ẹ̀yìn ni ọ̀rọ̀ ń gbà wá. Ní ọdún 1979, Gary Henderson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà rí i nínú Lactobacillus casei pé fítámì mẹ́ta, folate, biotin àti thiamine, ń du ohun kan náà láti wọlé, bí ẹni pé àwọn oníbodè mẹ́ta ń pín alágbára kan lò. Iṣẹ́ ti hàn, ẹni tí ń ṣe é kò hàn. Ọgbọ̀n ọdún kọjá kí wọ́n tó rí àwọn jíìnì náà ní ọdún 2009, tí ó sì já sí òtítọ́ bí wọ́n ti sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Bí kò bá sí ẹni tí ó kọ àìmọ̀ ti 1979 sílẹ̀ dáadáa, kò ní sí ẹni tí yóò mọ̀ pé ohun tí wọ́n rí ní 2009 ni wọ́n ti ń wá tipẹ́.

Àwọn kan yóò sọ pé kọ̀ǹpútà ti gba iṣẹ́ yìí ṣe. Láti ọdún 2021 ni AlphaFold, ètò kọ̀ǹpútà kan, ti ń sọ ìrísí purotéènì fún wa láti inú ìtòlẹ́sẹẹsẹ ásíìdì amínò rẹ̀ nìkan, mo sì kà á sí ọ̀kan nínú àwọn iṣẹ́ ńlá ìgbà tiwa. Ṣùgbọ́n àlejò lójú gànràngànràn, kò fi ríran. Ìrísí ihò lè sọ pé nǹkan ń gba ibẹ̀ kọjá. Kì í sábà sọ pé fúlóráìdì ni tàbí putrescine ni. Ní ọdún 2016, ní ilé iṣẹ́ ìwádìí J. Craig Venter ní Amẹ́ríkà, wọ́n ṣe bakitéríà kan tí wọ́n ti yọ gbogbo jíìnì tí ó lè gbé ìgbésí ayé rẹ̀ láìsí kúrò lára rẹ̀. 473 ni ó kù. Nínú 473 tí ẹ̀mí kò lè ṣe aláìní wọ̀nyí, 149 wà tí àwọn tí ó ṣe é fúnra wọn kò lè sọ iṣẹ́ wọn, díẹ̀ kọ́ sì ni àwọn tí ó jọ oníbodè nínú wọn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ́ ìmọ̀ ohun ẹlẹ́mìí ní àwọn yunifásítì wa, ìwé tí Saier bẹ̀rẹ̀ yìí ṣí sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún gbogbo ayé, ẹnikẹ́ni kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ òǹkàwé. Ẹ lọ sí ìsọ̀rí kẹsàn-án, ẹ mú ẹbí kan nínú 9.B, ẹ wo jíìnì tí ó ń gbé ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nínú bakitéríà kọ̀ọ̀kan bí Breaker ti ṣe, kí ẹ sì kọ ohun tí ẹ bá rí sílẹ̀ bí ó ti rí, kí ẹ má fi orúkọ tí ẹ̀rí rẹ̀ kò pé kún un.